Kọ́kọ́rọ́ Tí Kò Dún

Ọlọ́kadà tó gbé mi ní Pánṣẹ́kẹ́ bi mí ibi tí mò ń lọ.
Mo ní, "Àró." Ó wo ojú mi nínú dígí,
ó rẹ́rìn-ín: "Sístà, ojú yín ò jọ ọ́."
N kò dá a lóhùn. Mo di báàgì mi mú.
Ìwé ìgbaniwọlé wà nínú rẹ̀, aṣọ funfun méjì,
àti ìbẹ̀rù kan tí n kò fi han màmá mi.

Ìyáàfin Ṣówẹ̀mímọ́ kò ṣí ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.
Ó ju ìdì kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, gbinrin!
Gbogbo wa ta gìrì.
"Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Báyìí ni àyà ṣe ń já
ẹni tí a ti ilẹ̀kùn mọ́.
Ẹ lọ kọ́ bí a ti ń rìn kí kọ́kọ́rọ́ má dún."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni a fi rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
àgbà méjìdínlógún, ọwọ́ nínú àpò bí olè adìyẹ,
tí àwọn tó ń gbálẹ̀ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ní a kò gbọ́dọ̀ pe ẹnikẹ́ni ní wèrè,
kódà nínú yàrá ìjẹun, kódà bí a bá ń ṣẹ̀fẹ̀.
"Orúkọ ń bẹ lára gbogbo fáìlì. Ẹ pe orúkọ.
Àrùn lè gba oorun lójú ènìyàn, ó lè gba iṣẹ́, ó lè gba ìyàwó;
ẹ má bá a gba orúkọ."

Ó ní, "Bí ó bá sọ pé òun ń gbọ́ ohùn lára ògiri,
ẹ má sọ pé irọ́ ni. Ẹ má sì sọ pé ẹ̀yin náà gbọ́.
Ẹ bi í léèrè: Kí ni ohùn náà wí?
Ṣé ó jẹ́ kí o sùn lánàá?"

Lọ́jọ́ kan ó bọ́ bàtà, ó sọ ara rẹ̀ di aláìsàn,
ó wọ abẹ́ tábìlì, ó ń bá fáànù jà,
ó ń bẹ̀ ẹ́ kí ó yéé pe òun.
A rẹ́rìn-ín títí, àfi Abíọ́nà.
Abíọ́nà ọmọ Ìjàyè, tó ga bí òpó iná,
bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin
ti wà nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ní ilé àdúrà kan fún oṣù mẹ́rin,
kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú wa.
Olùkọ́ dìde, eruku lórúnkún.
Kò ní, "Pẹ̀lẹ́." Kò ní, "Yóò dára."
Ó fa àga, ó jókòó tì í.
Ìṣẹ́jú méje. Mo kà á lára aago ògiri.
Lẹ́yìn náà: "Kí ni orúkọ rẹ̀?"
"Ṣódípọ̀."
Ó tún un pè, jẹ́jẹ́,
bí ẹni pé Ṣódípọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun kan wà tí kò kọ́ wa.
Nírọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ń wọ̀ lẹ́yìn àwọn páànù dídípẹtà,
a máa ń rí i nínú Dátsùn rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò,
ọwọ́ lórí sítíà, ẹ́ńjìnnì kò dún.
A rò pé àdúrà ló ń gbà.
A kò bi í.

Báyìí, èmi ni mo dúró níwájú pátákó.
Mo ju kọ́kọ́rọ́, àwọn ọmọ titun ta gìrì.
Mẹ́tàlá nínú àwọn tí mo kọ́ lọ́dún tó kọjá
ti wọ bàálù lọ. Owó wà lọ́hùn-ún; mo gbà.
Mo bi ọ̀kan lórí fóònù: "Ṣé kọ́kọ́rọ́ ń dún níbẹ̀?"
Ó ní, "Káàdì ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn, Mà.
Ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń di àpò mi mú."

Lánàá, mo wọ ọkọ̀, n kò lè ṣíná sí i.
Gbogbo ohùn tí mo gbọ́ láti àárọ̀ jókòó sẹ́yìn mi.
Mofoyèkẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, fi ìka kan gíláàsì.
Kò kí mi. Ó ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó jókòó.
Ó pẹ́ díẹ̀.
"Mà, ṣé ẹ sùn lánàá?"